Lẹ́tà Tí Kò Wọ Bàtà

"Ẹ tọ́ ọ wò! Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ fi ẹnu ara yín tọ́ ọ wò!"

Beatrice ju búrẹ́dì náà sórí tábìlì, ìyẹ̀fun tó wà níbẹ̀ fò sókè, ó bà lé gbogbo wọn lára. Ọmọ Ẹ̀gùn ni Beatrice, ará etí omi. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ Mùsítúrà ní Òkókómáíkò, tó ń gbé e wọ ọkọ̀ ní èbúté Ọ̀jọ́, tó ń tà á fún àwọn ará abúlé tó wà lódìkejì ọ̀sà. Láti ọdún mẹ́sàn-án yìí, kò pariwo mọ́ Mùsítúrà rí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Ọjọ́rú yìí, gèlè rẹ̀ ti tú sí ọrùn, kò sì ráyè tún un wé.

Mùsítúrà bu díẹ̀ nínú búrẹ́dì náà, ó fi sẹ́nu. Ó kan. Ó kan bí ògì tí wọ́n gbàgbé omi rẹ̀. Ó gbé e sí imú.

"Èyí kọ́," ni ó wí.

"Kí ni kọ́? Ọ̀rá yín kọ́ nìyí ni? Yẹ́lò pẹ̀lú pupa?"

Mùsítúrà gbé ọ̀rá tí wọ́n fi wé búrẹ́dì náà lọ síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Yẹ́lò ni lóòótọ́. Ìkọ̀wé pupa wà lára rẹ̀, ó nàró, ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí àwọn ọmọ iléèwé. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ọ̀rá òun ni. Àmọ́ búrẹ́dì òun kọ́ ló wà nínú rẹ̀.

"Ta ló gbé e fún ọ, Beatrice?"

"Mọ́tò yín ló gbé e wá sí èbúté ní Sátidé!"

"Mọ́tò wo? Ọmọlanke ni mo fi ń gbé búrẹ́dì."

"Mo rò pé ẹ ti ra mọ́tò ni!" Beatrice fi ọwọ́ lu itan. "Mo tiẹ̀ bá yín yọ̀! Mo jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta! Mo sọ fún awakọ̀ yẹn pé kó kí yín, ó ní òun máa kí yín!"

Bàbá Májẹ́kódùnmí, ẹni tó ń ṣọ́ iná ààrò, fi ọwọ́ bo ẹnu kó má bàa rẹ́rìn-ín. Beatrice rí i.

"Ẹ máa rín in, Bàbá Aládùúrà. Ìkómọ ni mo gbé e lọ. Ìkómọ ọmọ ọmọ baálẹ̀ wa! Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ pa àlejò ni. Ọkùnrin kan ju tirẹ̀ sómi lójú mi. Ẹja wá, ó fi imú kàn án, ó padà."

Fọláyẹmí, ọmọ Mùsítúrà, jáde láti yàrá ẹ̀yìn nígbà náà, ó ti múra iléèwé. Tíṣà ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nínú báráàkì Ọ̀jọ́. Ó gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Màámi, 'Àkànṣe' ni wọ́n kọ síbí. Tiyín, 'Ìtùnú' ni."

"Wọ́n jọra ni?"

"Wọn ò jọra rárá. Ẹni tó bá mọ̀wé kò lè ṣì í mú."

Iná nìkan ló ń ta pàrà nínú ààrò.

"Àwa tí a ò mọ̀wé ńkọ́, Tíṣà?" ni Beatrice wí jẹ́ẹ́. "Ṣebí àwa la ń jẹ búrẹ́dì jù."

Ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rọ̀.

"Ìyá Fọlá, mi ò bá yín jà. Ọjọ́rú tó ń bọ̀, mo máa padà wá. Ẹ wá nǹkan tí ojú lásán lè fi mọ búrẹ́dì yín. Bí kò bá sí, mo máa lọ ra ti àwọn ará Àgbádárìgì. Àwọn obìnrin mẹ́fà tó kù ló rán mi. Ibi tí mo bá lọ ni wọ́n máa lọ."

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Ọdún 1988 ni, ìyẹ̀fun ti wọ́n, àwọn ará títì ti padà sórí ẹ̀kọ àti iṣu. Àwọn obìnrin méje orí omi yẹn ló kù tí ààrò fi ń jó lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá yà, iná á máa jó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, Bàbá Májẹ́kódùnmí àti àwọn méjì tó ń po ìyẹ̀fun á sì wá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Ẹ gbọ́ o, olè yẹn kọ́ ló dun Mùsítúrà jù. Ohun tó dùn ún ni pé òun fúnra òun mú ọ̀rá náà lọ́wọ́, òun wò ó nínú oòrùn, òun sì pè é ní tòun. Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín. Bí obìnrin yìí ti rí nìyẹn, bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn ún dé ibì kan, ẹ̀rín ni yóò bá jáde, orin á tẹ̀ lé e:

*Mo bímọ kan, mo dáṣọ fún un,*
*aládùúgbò dá irú rẹ̀ o.*
*Ẹ bá mi pè é kó dá mi lóhùn,*
*ojú mi ò mọ ọmọ mi mọ́.*

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọrin sí ọ̀rọ̀ tó yẹ ká sunkún sí," ni Fọláyẹmí wí. "Màámi, ẹ má dààmú. Èmi fúnra mi máa ya ìkọ̀wé mìíràn sí ọ̀rá yín. Ó máa dára ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Fọláyẹmí lọ síṣẹ́. Ṣùgbọ́n Mùsítúrà kò lè jókòó. Ó da ìborùn bo orí, ó bọ́ sí títì.

Láti ọdún tó ti ń gbé Òkókómáíkò, kò wo ìkọ̀wé rí. Ó mọ̀ pé wọ́n wà, bí èèyàn ṣe mọ̀ pé aláǹgbá wà lára ògiri. Ní ọjọ́ yẹn, ó wò wọ́n. Ó ń rìn lọ sí Ìyànà Ìbà, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ra aṣọ. Àwọn kan tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Àwọn kan lọ́ra wọn bí ìlákọ̀ṣẹ. Ti ọ́fíìsì lọ́yà kan, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló ní nǹkan pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀, bíi bàtà. Ti ìjọ kan pọ̀ lórí pátákó débi pé wọ́n ń ti ara wọn. Ó máa ń sún mọ́ pátákó, ó máa ń fà sẹ́yìn, àwọn awakọ̀ sì ń kígbe mọ́ ọn pé, "Màmá, ẹ kúrò lójú títì!"

Ó dé ibì kan, ó dúró. Ní òdìkejì títì, nǹkan kan ń sáré lórí pátákó. Ó wò ó dáadáa, ìkọ̀wé ni. Àwọn lẹ́tà náà sanra, wọ́n fì síwájú, gbogbo wọn papọ̀, bí àwọn ọmọ tó ń sáré lọ pàdé ìyá wọn tó ti ọjà dé. Ó sọdá. Ọkùnrin kan ń lẹ táyà lábẹ́ pátákó náà.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Fọkanáísà ni, Màmá."

"Mo ti rí i láti òdìkejì kí n tó rí ìwọ alára."

"Ohun tí mo torí ẹ̀ ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn! Ẹni tí táyà rẹ̀ jò kò ráyè àtikàwé."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Àtàndá. Àtíìsì tó ń kọ pátákó ní ọ̀nà Ẹ́sítéètì Ìbà. Ẹ máa rí i, ọ̀dà ló wọ̀ láṣọ."

Òótọ́ ni. Nígbà tí Mùsítúrà dé ọ̀dọ̀ Àtàndá, ọ̀dà ti kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó kan irùngbọ̀n. Ọmọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún tó máa ń sọ̀rọ̀ sí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni. Mùsítúrà kò tiẹ̀ jókòó kó tó bèèrè.

"Kí ló dé tí lẹ́tà fọkanáísà yẹn fì?"

Àtàndá gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Màmá, ó ti di ọdún méje tí mo ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ ni wọ́n máa ń sọ fún mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí ní ìdí. Ẹ jókòó."

Ó mú ẹfun, ó kọ lẹ́tà kan sára pákó dúdú. "Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Ó wọ bàtà."

"Ó wọ bàtà, ó tún dé fìlà. Báyìí ni ti àwọn lọ́yà, báyìí ni ti ilé ìfowópamọ́. Èèyàn ńlá ni, kì í kánjú. Ẹ wá wò ó." Ó mú àkísà, ó nu bàtà kúrò, ó nu fìlà kúrò. "Kí ló kù?"

"Ara rẹ̀ nìkan. Ó dà bí alágbàṣe."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Mo wá bọ́ ọ yó." Ó fi ẹfun sanra fún un títí lẹ́tà náà fi kún bí apá alágbẹ̀dẹ. "Àmọ́ ó ṣì dúró sójú kan. Tí mo bá fẹ́ kó lọ, mo máa fì í."

"Kí ló dé tí kò lè fì sẹ́yìn?"

Àtàndá kò jiyàn. Ó kọ ọ́, ó fì í sẹ́yìn. Àwọn méjèèjì wò ó.

"Ó dà bí ẹni tí wọ́n ń wọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá," ni Mùsítúrà wí.

Ẹ̀rín mú wọn. Àtàndá fi ọwọ́ ọ̀dà nu ojú, ojú rẹ̀ di búlúù. Mùsítúrà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ọ̀dà ògiri tún lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó bèèrè gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Báwo ni wọ́n ṣe ń fì bákan náà? Àtàndá fi igi pẹlẹbẹ kan hàn án, tí ọ̀gá rẹ̀ gé ní dídagun kí ó tó fi í fún un ní ọjọ́ tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, tó gba fíríìdọ̀ọ̀mù. Igi yẹn ló máa ń gbé ti lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kó tó fà á, kí wọ́n lè fì ní ìwọ̀n kan. "Bí ẹyọ kan bá fì ju ìkejì lọ, ojú èèyàn á kọsẹ̀. Bí gbogbo wọn bá sì fì jù, wọ́n ṣubú nìyẹn." Báwo ló ṣe ń mọ̀ pé wọ́n ga bákan náà? Ó fi ẹfun pa òwú gígùn kan, ó ní kí Mùsítúrà di orí kan mú. Ó fa òwú náà sókè, ó jù ú sílẹ̀. Pà! Ìlà funfun kan gún gbọọrọ lórí pákó.

"Jọ̀ọ́, tún un ṣe," ni Mùsítúrà wí bí ọmọdé.

Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, kì í ṣe torí iṣẹ́ mọ́.

Nígbà tó sọ ohun tó gbé e wá fún un, Àtàndá ní kó yí àwọ̀ ọ̀rá padà. Mùsítúrà kọ̀.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ lo yẹ́lò. Mi ò ní sá kúrò nínú aṣọ mi fún ẹni tó dà mí kọ. Àti pé bí mo bá lo búlúù, ṣé búlúù ṣòro rà ni? Wọ́n á tún rà á. Lẹ́tà tó fì yẹn ni kó o bá mi ṣe."

"Wọ́n lè dà á kọ náà o, Màmá. Ẹ má jẹ́ n tàn yín."

"Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wá igi tí ọ̀gá ẹ gé fún ẹ."

Ní ọjọ́ Àìkú, ó gbé pépà yẹ́lò tí Àtàndá fi ọ̀dà pupa kọ "Ìtùnú" sí lọ sí ilé búrẹ́dì. Ó gbé e lé tábìlì. Fọláyẹmí sì gbé tirẹ̀ tì í. Ti Fọláyẹmí dára, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Lẹ́tà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ bàtà, irun rẹ̀ lọ́ sókè sódò, ó ya ṣírí ọkà yí i ká. Ó dà bí ìwé ìpè ìgbéyàwó.

Bàbá Májẹ́kódùnmí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, ó ṣì wọ sùtánà funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ǹtì. Ó tẹjú mọ́ iṣẹ́ Àtàndá, ó mi orí.

"Ìyá Fọlá, ohun tó bá fì, ó fẹ́ ṣubú ni. Ògiri tó bá fì, ta ni yóò sùn lábẹ́ rẹ̀? Ẹ má gbé ìṣubú lé orí oúnjẹ."

"Bàbá, ògiri kò níbi tó ń lọ ni. Ẹ ti rí ẹni tó ń sáré tó nàró bí òpó?"

"Kò tún wọ bàtà."

"Ẹ̀yin ńkọ́?" Mùsítúrà tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yín, ẹ kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Ẹ rìn láti Ìbà débí báyìí. Ṣé ẹ ṣubú?"

Àwọn tó ń po ìyẹ̀fun pariwo. Bàbá Májẹ́kódùnmí wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n Fọláyẹmí kò rín. "Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi yà á, Màámi. Lẹ́tà yín yẹn, ti táyà ni, ti ọtí ni. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ń ra búrẹ́dì wa. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Mùsítúrà mú iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, ó fi ìka tọ ipa gbogbo ìlà rẹ̀, kò yára.

"Ó rẹwà, Fọlá. Mi ò sọ pé kò rẹwà. Àmọ́ ó dúró síbẹ̀, ó ń retí pé kí n wá ka òun. Mi ò lè kà á, ọmọ mi. Ìwọ lo lè kà á."

Fọláyẹmí gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ jẹ́ kí Beatrice mú un nígbà náà."

"Ìyẹn dára. Ẹni tó dá ẹjọ́ sílẹ̀ ni kó parí rẹ̀."

Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí iléèwé ti parí, gbogbo wọn pàdé ní èbúté Ọ̀jọ́, wọ́n sì mú pépà kẹta dání tí wọ́n fi da ìkọ̀wé Àkànṣe kọ. Beatrice wo pépà Ìtùnú méjèèjì títí. Kò mú ìkankan.

"Mi ò lè fi ojú tó wà nítòsí dá a," ni ó wí. "Ẹ ò mọ bí a ṣe ń ra búrẹ́dì lórí omi. Ọkọ̀ kì í dúró ní gbogbo abúlé. Àwọn ìyàwó ilé á wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wo ọkọ̀ láti òkèèrè. Tí wọ́n bá mọ ọjà ẹni, wọ́n á wa ọkọ̀ kékeré wọn jáde wá pàdé ẹni. Tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á wà nílé, ọkọ̀ á kọjá. Ojú òkèèrè ló ń ra búrẹ́dì wa."

Ó nàka sórí omi, sí àwọn òpó tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ lókèèrè.

"Bí wọ́n ṣe jìnnà sí wa nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí wa nìyẹn. Mo máa gbé méjèèjì lọ, pẹ̀lú pépà tí ẹ fi da ti Àkànṣe kọ. Tí mo bá débẹ̀, mo máa gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Fọlá, ẹ̀yin lẹ ṣì í mú níjọ́sí. Tí ẹ bá rí tiyín, ẹ ju ìborùn yín. Tí kì í bá ṣe tiyín, ẹ má mira. Tí ẹ bá ṣì í, Ọlọ́run á bá wa wá ẹlòmíràn, kò sí ìjà."

"Tí mo bá mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

"Tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, àwọn èèyàn mi náà á mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin àti àwa, ojú kan náà la ní."

Sùnmọ́nù, ẹni tó ni ọkọ̀, fi ọ̀pá ti ọkọ̀ kúrò ní etí omi. Pépà mẹ́ta, yẹ́lò mẹ́ta, pupa mẹ́ta. Mùsítúrà tẹ̀ síwájú títí omi fi kan ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Kò kọrin. Fọláyẹmí dúró tì í. Ọkọ̀ kéré, ó kéré sí i, ó dé ibi àwọn òpó.

Beatrice gbé ẹyọ kan sókè.

Mùsítúrà dín ojú. Yẹ́lò ni. Pupa wà láàárín rẹ̀ bí ìgbà tí ata bá ta sára aṣọ. Kò mira.

Ó gbé èkejì sókè. Pupa rẹ̀ nípọn, ó dúró bí ọgbà. Mùsítúrà di ìborùn mú, àmọ́ kò gbé e sókè.

Ẹ̀kẹta. Nǹkan pupa kan tẹ̀ síwájú lórí yẹ́lò náà, ó ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ Beatrice dúró sójú kan. Mùsítúrà já ìborùn kúrò lórí, ó jù ú sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Beatrice kò gbà síbẹ̀. Alágídí ni. Ó tún gbé èyí tó dà bí ọgbà sókè, ìborùn wálẹ̀ sínú omi. Ó gbé èyí tó ń lọ. Ìborùn lọ sókè. Ó tún gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i, láti wò ó bóyá obìnrin náà kàn ń méfò; ìborùn tún lọ sókè, orin sì bá a jáde:

*Ẹ yà fún un o, ó ń bọ̀,*
*ó gbóná, ó ń bọ̀ lórí omi.*
*Bó o mọ̀wé, bó ò mọ̀wé,*
*wá mú tìrẹ jẹ.*

Lórí omi lọ́hùn-ún, wọ́n rí Beatrice tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó so pépà kan ṣoṣo mọ́ iwájú agbọ̀n búrẹ́dì, ó jókòó, ó yí ojú sí ọ̀nà ilé. Ọkọ̀ sì kọjá àwọn òpó.

"Èyí àkọ́kọ́," ni Fọláyẹmí bèèrè, "ṣé tèmi ni àbí ti Àkànṣe?"

"Ìwọ lo mọ̀wé."

"Mi ò lè kà á láti ibí. Mo gbìyànjú." Ó tún wo orí omi. "Tèmi ni, Màámi. Mo mọ̀ pé tèmi ni, torí pé mi ò rí nǹkan kan."

Mùsítúrà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fún etí ìró rẹ̀ tó ti tutù.

"Báwo lẹ ṣe wá ka ẹ̀kẹta?"

"Mi ò kà á. Mo kàn mọ̀ ọ́n ni."

Fọláyẹmí wo ọkọ̀ títí ọkọ̀ fi di dúdú kékeré kan lórí omi. Yẹ́lò yẹn ṣì wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba ìborùn tó ti rin gbingbin lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó sì dà á bò ó ní èjìká.

"Ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ sọ́dọ̀ Àtàndá kó kọ òmíràn fún wa," ni ó wí. "Agogo márùn-ún ni àwọn tó ń tẹ ọ̀rá ní Alábà máa ń tilẹ̀kùn."